Ọ̀já Ìyá Mi àti Eré Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé àpò ńlá wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Mushin. Síńgílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé ló kún inú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ládùúgbò àwọn ló rà á fún ọjọ́ eré ìdárayá, pé kí n bá òun gé e kúrú. Bí mo ṣe tú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, òórùn aṣọ tuntun tí omi ò tíì kàn rí bò mí lójú ẹsẹ̀. Mo gbé síńgílẹ́ẹ̀tì kan sórí itan, mi ò sì lè ránṣọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, òpópónà tí a gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ò gùn rárá, ṣùgbọ́n gọ́tà kan là á sí méjì. Gọ́tà náà fẹ̀ débi pé orí pákó la ti ń sọdá. Ilé wa wà lápá òkè. Ilé àwọn Múlíkà, ọ̀rẹ́ mi, wà lápá ìsàlẹ̀, ó kọjú sí tiwa gan-an. Bí ìyá rẹ̀ bá da àkàrà sínú epo, a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì wa.

Lọ́dọọdún, nígbà ọlidé, àdúgbò máa ń ṣe ọjọ́ eré ìdárayá lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Bàbá Rélùwéè ló ń darí rẹ̀, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa sọ ti ayé òyìnbó fún wa, nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Èbúté Mẹ́ta. Ó ní bí wọ́n bá ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde lọ sáré, àwọn tó fẹ́ wọ káńsù á dé pẹ̀lú kóòtù àti bisikíìtì, wọ́n á máa bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ bíi pé àwọn ọmọ ló fẹ́ dìbò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìbò káńsẹ́lọ̀ ti sún mọ́lé. Àlàájì Onítáyà ń du ipò náà lápá ìsàlẹ̀, Bàbá Onípákó ń dù ú lápá òkè. Bàbá mi ń la pákó fún Bàbá Onípákó. Bàbá Múlíkà ń lẹ táyà nísọ̀ Àlàájì. Àlàájì kọ́kọ́ pín síńgílẹ́ẹ̀tì pupa fún gbogbo ọmọ apá tiwọn. Kò pẹ́ tí Bàbá Onípákó fi pín búlúù fún àwa náà. Inú wa kọ́kọ́ dùn. A ò mọ̀ pé aṣọ ti dá ààlà.

Èmi àti Múlíkà ti ń kọ́ eré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tipẹ́. Wọ́n á so ẹsẹ̀ èèyàn méjì pọ̀, wọ́n á wá sáré bí ẹnì kan. Ọ̀já tí ìyá mi fi ń pọn àbúrò mi la fi ń so tiwa. Múlíkà ló máa ń ké “Ìta! Inú!” ìyẹn ẹsẹ̀ tó wà lóde àti èyí tí a so pọ̀, kí ẹsẹ̀ wa lè ṣe déédéé, torí ojú máa ń tì mí láti pariwo. Eré yẹn nìkan ni mo lè ṣe. Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ní kí n dá sáré, ṣe ni mo sá lọ sílé.

Bàbá mi ò gbà. “Ọmọ mi ò ní so ẹsẹ̀ mọ́ ẹlẹ́wù pupa. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni?”

“Bàálé mi,” ìyá mi ní, “ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ti ń dìbò?”

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa mí pọ̀ mọ́ Ráúfù, ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, pupa wà lápá kan pápá, búlúù wà lápá kejì. Àwọn olóṣèlú méjèèjì jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n kọjú síra wọn. Wọ́n pe eré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì dúró sójú kan pẹ̀lú ọ̀já ìyá mi lọ́wọ́. Bàbá Rélùwéè wá bá mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé? Ta lo fẹ́ bá sáré?”

Mo wolẹ̀. Ó tún bi mí, ó sì gbé maikirofóònù tó fi ń kéde eré sí mi lẹ́nu kó lè gbọ́ ohun tí mò ń kùn.

“Múlíkà ni.”

Ohùn mi gba gbogbo pápá kan. Ẹnì kan pariwo láti apá pupa: “Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ apá Onípákó ti dèrò wa o!”

“Irọ́ ńlá!” obìnrin kan dáhùn lápá tiwa. “Ọmọ tiyín ló fẹ́ sá wá bá wa!”

Àwọn èèyàn ti ń dìde. Bàbá mi náà dìde, ó bọ́ fìlà, ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Bàbá Rélùwéè fọn fèrè gígùn kan, ó gba ọ̀já lọ́wọ́ mi.

“Ẹ jókòó! Ogbó ò jẹ́ kí n tètè rántí. Láyé òyìnbó, àwọn tó ń du káńsù ló máa ń ṣí eré yìí. Àwọn méjèèjì, nínú ọ̀já kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá kọ̀, aráàlú á ti mọ ẹni tó ń sá fún wọn.”

“Bàbá, ẹ wo ikùn mi,” Àlàájì ní.

“Ikùn kọ́ lẹ fẹ́ fi sáré, Àlàájì. Ẹsẹ̀ ni.”

Ta ló máa kọ̀ níwájú àwọn tó máa dìbò? Wọ́n so wọ́n pọ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, oníkálukú gbé ẹsẹ̀ tó wù ú, àwọn méjèèjì sì ṣubú gbì sórí ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà.

“Ẹsẹ̀ inú ni mo pè, Àlàájì!”

“Ìwọ lo fi tìta ṣáájú, Onípákó!”

Bàbá Onípákó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹfun nírùngbọ̀n. Àlàájì náà bú sẹ́rìn-ín. Ni pupa àti búlúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́ẹ̀kan náà: “Ìta! Inú! Ìta! Inú!” Àwọn olóṣèlú méjèèjì dìde, wọ́n di ara wọn ní ìbàdí mú, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ títí wọ́n fi dé ìparí.

Bàbá Onípákó fúnra rẹ̀ ló tú ọ̀já náà, ó sì nà án sí mi. “Níbo ni Múlíkà rẹ wà? Ẹ lọ sá tiyín.”

Mo wẹ̀yìn wo bàbá mi. Ó ti jókòó padà, ó ń fi fìlà nu ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

A ṣe ipò kejì. Láàárín ọ̀nà, eruku há Múlíkà lọ́fun, kò lè ké mọ́. Èmi ni mo ké e títí a fi dé ìparí.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wọlé ìbò náà, gọ́tà sì wà níbẹ̀ dòní. Síńgílẹ́ẹ̀tì pupa àti búlúù ṣá títí wọ́n fi jọra, àwọn ìyá wa sì fi wọ́n nu sítóòfù. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí apá kan pápá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì ń sáré lórí ìyókù. Bàbá Rélùwéè ti lọ. Mi ò tíì rí arúgbó Èbúté Mẹ́ta kankan tó gbọ́ rí pé wọ́n so àwọn olóṣèlú lẹ́sẹ̀ pọ̀ láyé òyìnbó.

Ìlọrin ni Múlíkà ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Bí obìnrin tó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì wá ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo pe Múlíkà lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

“Ìta!” ló ké sí mi létí.

Oníbàárà mẹ́ta ló jókòó tì mí, ojú sì ṣì ń tì mí gidi. Síbẹ̀, mo ké e sókè: “Inú!”