Àwòrán Tí Ìyá Fàrídà Fi Ń Rántí Ẹrù

Wòsílátù, tí gbogbo wa ní ibùdókọ̀ Tudu ní Accra ń pè ní Ìyá Fàrídà, kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ẹrù kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwa Yorùbá Lagos Town àti Mamobi, tó ń bá wa fi í ránṣẹ́ sílé. Èmi Akínlabí ni mo ń ta mílíìkì àti súgà ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀, kò sì sí ọdún tí n kì í gbé ẹrù fún un.

Ẹ mọ̀ wá náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tí òun ń fi ránṣẹ́ sílé. Bó bá pọ̀, wọ́n á ní owó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá kéré, wọ́n á ní ahun ni ọ́. Nítorí náà, a kì í kọ orúkọ sára ẹrù. Ọ̀rá dúdú kan náà la fi ń dì í, okùn kan náà la fi ń so ó, débi pé ẹni tó ni ẹrù gan-an kì í dá tirẹ̀ mọ̀ mọ́. Ìyá Fàrídà nìkan ló mọ ẹni tó ni èwo àti ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, á sọ wọ́n sétí Mutala awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Mutala á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lápò rẹ̀.

Mo bi í nígbà kan bó ṣe ń ṣe é.

"Nǹkan tí kò bára tan ni mo máa ń so pọ̀," ló wí. "Mo wo ẹrù, mo wo ẹni tó ni ín, mo wá fi méjèèjì ya àwòrán ẹ̀rín lọ́kàn mi. Ohun tó bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín kì í tètè kúrò lórí."

Mo ní kó sọ tèmi fún mi. Ó ní oníbàárà ń pe òun. Ó yẹ kí n ti fura.

Lóṣù tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ ọkọ̀, Ìyá Fàrídà yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti rán Fàrídà ọmọ rẹ̀ wá. Ẹrù mọ́kànlá ló wà nílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Láwàlì télọ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú ọ̀kan. Èyí tó kù lọ́wọ́ ìyá náà kò ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọkọ̀ mìíràn kò sì ní lọ títí ọ̀sẹ̀ méjì. Láwàlì ní ká tú àwọn ẹrù wò. Àsmá'ù aláṣọ figbe ta pé ta ló fẹ́ tú ẹrù òun lójú ayé? Kí n má purọ́, èmi náà ò fẹ́.

Fàrídà, tí wọ́n bí sí Accra, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, pe ìyá rẹ̀. Fóònù Fàrídà ti bàjẹ́, kò ṣeé gbé sétí; àfi kó jẹ́ kí ohùn máa jáde síta fún gbogbo èèyàn.

"Maame, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti ta?"

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Gbogbo wọn o."

Ìyá Fàrídà mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run forí jì mí. Èyí tó tẹ̀ sápá kan, àkùkọ ni. Àsmá'ù gùn ún, àkùkọ ń sunkún, wọ́n ń lọ Ṣakí."

Ẹ̀rín sọ. Àsmá'ù ò rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó ń dún wòròwòrò, ọ̀pọ̀lọ́ tó wọ kóòtù ni, ó ń lá súgà níkọ̀kọ̀. Akínlabí ni. Ìlọrin."

Èmi! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba fóònù náà kí n pa á. Súgà ló sì wà nínú ẹrù mi lóòótọ́.

A ní kó fo àwòrán, kó máa sọ ẹrù nìkan. Ó gbìyànjú, ni gbogbo rẹ̀ bá dàrú mọ́ ọn lójú. Àwòrán ló gbé ẹrù dání. Ló bá tún ń sọ ọ́ lọ, Mutala ń kọ, títí ó fi kan ti Láwàlì. Ó ní ká jẹ́ kí òun fi èyí sílẹ̀ ná. Ẹyin lohùn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Fàrídà, ẹ sọ ọ́," Láwàlì wí. "Oògùn ni."

"Èyí tó ya létí, tó fúyẹ́. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó nawọ́. Láwàlì dúró níwájú rẹ̀, ó ti di ère sìmẹ́ńtì. Ẹyẹ ń ṣu sí i lórí."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láwàlì kò ti délé. Ọdọọdún ló ń sọ pé òun ò ní fọwọ́ òfo wọlé, gbogbo wa mọ̀, a kàn ń wò ó ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí fún un.

Láwàlì gbé ẹrù náà. Mutala nawọ́ láti gbà á, Láwàlì kò fi sílẹ̀.

"Ṣé ìjókòó kankan ṣẹ́kù?" ó bi Mutala.

"Ẹyọ kan, lẹ́yìn pátápátá."

Láwàlì wọnú ọkọ̀ tòun ti téèpù tó fi ń wọnṣọ lọ́rùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá Fàrídà padà sí Tudu pẹ̀lú ọ̀pá. Àsmá'ù ló kọ́kọ́ gbé ẹrù wá, ó fi ìbínú jù ú sílẹ̀. Mo gbé tèmi lé e. Mo bi Ìyá Fàrídà bóyá ó ti bá mi yí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn padà.

"Tìẹ ṣì wà níbẹ̀," ló wí. "Ti Láwàlì ni n kò rí mọ́. Bí mo bá wo ẹnu ilẹ̀kùn yẹn báyìí, àwọn méjèèjì ti wọlé."