Omi Tí Ó Dúró De Ìṣínu

Òórùn atalẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Kambolé, ó ń ha èèpo atalẹ̀ tí yóò fi ṣe ohun mímu ìṣínu. Gíríìpù, ọ̀fìnkìn líle tó ń mú ibà wá, ti dá a wólẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan; ibà ti lọ, ṣùgbọ́n èébì kò dá, ètè rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo iṣu. Síbẹ̀ ó ń gbààwẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ọdún náà sì ni àkọ́kọ́ tí ó lè gba Ramadan já láìní ọjọ́ kan tí yóò san padà.

Nígbà tí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn ní Tchamba. Nọ́ọ̀sì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ó so àpò sẹ́rọ́ọ̀mù kọ́, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn nínú iṣan.

"Omi nìyẹn," ni ìyàwó mi wí. "Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀."

"Màdáámù, ẹnu kọ́ ló ń gbà wọlé."

"Ṣé ilé tí olè gba fèrèsé wọ̀, olè ò wọ̀ ọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi: "Mùsíyé, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Kíá!"

Mo mọ ibi tí Al-Kùránì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀; mo mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú: "Alákọ̀wé mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba oṣù yìí lọ́wọ́ mi." Mo ní kí a dúró.

Ọ̀sán yẹn gùn. Mo ń wo òjìji igi máńgòrò lára ògiri, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n pe ìrun, iṣan rẹ̀ ti sá wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì gún un kí abẹ́rẹ́ tó bá a. Omi náà ń kán díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé. A kò tíì débẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù nínú tèmi.

Àwọn ènìyàn ní ikú rere ni, inú ààwẹ̀ ló kú sí. Mo ṣe àmín. N kò sọ fún wọn pé ìfẹ́ ni mo pe ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án náà, bẹ́ẹ̀ ojú ló tì mí láti tako ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju tèmi lọ.

Kí oṣù ààwẹ̀ tó parí, gíríìpù mú èmi náà. Kò sí ẹlòmíràn nílé. N kò ro ògì rí láyé mi. Mo dáná, mo rò ó, ó ta kókó. Mo gbé àwo náà jáde síta ní ọ̀sán gangan, àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí ń wò mí, mo sì mu ún tán.