Ibi Tí Alága Fẹ́ Wọ̀ Nínú Orin Wa

Mo kórìíra àwọn akọrin tó ń pe orúkọ olówó kiri nínú orin. Mo bá ọ̀kan ta gìtá rí. Ó ki ọ̀gá àwọn ọmọ ìta kan lóde ìnáwó l'Ágége, ni àwọn ọ̀tá ẹni náà bá kó àdá wọlé. Ẹ̀yìn àpótí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo sá sí. Ọ̀gá mi tó ń kọrin kò ríbi sá sí. Títí dòní, ariwo òjijì máa ń gba èémí lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí.

Ẹgbẹ́ tí mo wà báyìí kéré. Ìyá tó ń kọrin fún wa ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Èmi àti onílù wa wà ní ilé iṣẹ́ oníke. Ní ọ̀sán Sátidé, a máa ń dánra wò lábẹ́ páànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan, nítòsí ojú irin. Orin kan ṣoṣo la ń tún ṣe láti ọdún tó kọjá, orin nípa ooru ààrò búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́ ẹ̀.

Ni ọkùnrin kan bá dé láti òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ń wá àwọn tí yóò máa ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó gbọ́ orin náà tán, ó ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó gbọ́.

"Mọ́mì, ó dùn. Ibi tí gìtá yẹn ti ń dá ṣeré, ẹ máa ki alága wa níbẹ̀. Àyè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó dárúkọ alága. Alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ni, orúkọ tí àwọn awakọ̀ kì í pè sókè. Mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí ìyá létí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà fún un, kó máa lọ."

Ìyá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, inú ààrò lorin yìí wà. Níbo ni kí n fi alága sí, inú ìyẹ̀fun ni àbí inú iná?"

"Ẹ fi í sínú ìyẹ̀fun," ni onílù wí, "á wú."

"Ó ti wú ju bẹ́ẹ̀ lọ!" ni ìyá dáhùn.

"Ẹ máa fi àwàdà lé oúnjẹ yín lọ o," ni ọkùnrin náà wí. "Orúkọ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn n'Íkẹjà."

"Ibí ò nílẹ̀kùn, ọmọ mi. Ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé, ẹ gba ibẹ̀ jáde."

Ó fi áńkáṣífù nu bàtà rẹ̀, ó lọ. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ṣeré fún wọn báyìí. Mo ti kọjá níwájú géètì wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ti ń kígbe alága, alága, bí ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ tó ti kan. Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá sẹ́kíọ́rítì ń wò mí.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà wá yẹn, lẹ́yìn tó ti lọ, mo ṣì ń tẹ́tí sí ìró ọ̀kadà, bóyá ó ti ń rán àwọn ọmọ ìta bọ̀, nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀.

"Òpònú yẹn rí nǹkan kan o."

"Kí ló rí, mà?"

"Bí irú orúkọ yẹn bá lè wọnú orin mi láìhá, a jẹ́ pé ibẹ̀ ṣófo. Má bínú, a máa yọ gìtá yẹn kúrò."

Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń dá ta nínú orin náà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ṣe é. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. A tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí a débẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn gìtá pa, ohùn ìyá sì kọjá lọ tààrà, kò dúró de ẹnikẹ́ni.