Ọmọ Pupa Kọ́ Ni Mo Bí

Èmi dúdú, ọkọ mi dúdú. Ìyá tó bí ọkọ mi, tí wọ́n ti ń ta àǹkárá ní Múṣin kí wọ́n tó bí mi rárá, dúdú ju àwa méjèèjì lọ. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wá ń wọlé wá kí wa kú ewu ọmọ, tí wọ́n ń wo ọmọbìnrin mi ọlọ́jọ́ mẹ́rin, tí wọ́n ń pariwo pé, "Háà, ọmọ yìí mà pọ́n o! Ọmọ òyìnbó!", inú mi dùn lẹ́ẹ̀kínní, ó dùn lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bi ara mi pé, ta ni ọmọ yìí jọ?

Èdè wa ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, pupa ni. Epo, pupa ni. Ọmọ tí ibà pọ́njú ń bá jà náà, pupa ni. Àṣé àìsàn ọmọ mi ni wọ́n fi ń yìn mí, tí èmi náà ń rẹ́rìn-ín, tí mo ń dáhùn pé ẹ ṣé o. Ó ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ò mu ọyàn mọ́. Mo fi ọyàn sí i lẹ́nu, ó sùn lọ. Mo rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó lajú díẹ̀, ni mo bá rí i pé ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú rẹ̀ ti dà bíi pupa inú ẹyin.

Mo ké sí ìyá ọkọ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ibà pọ́njú lásán ni. Gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí o fún un ní omi glúkóòsì. Bàbá ẹ̀ náà ṣe é, kò kú."

"Màmá, ọmọ ò mu ọyàn o."

"Ìyàwó, ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Ìwọ bí mélòó?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń pa ìyàwó ilé lẹ́nu mọ́. Kò pa tèmi.

"Ẹyọ kan péré ni, ma. Mi ò ní èyí tí mo lè fi dánra wò."

Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo wá bàtà mi. Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "A ò tíì kó ọmọ jáde, o fẹ́ gbé e jáde? Ọjọ́ mẹ́ta ló kù!"

"Tí ọmọ ò bá sí ńkọ́, Màmá? Ta la fẹ́ kó jáde?"

"Àsìtàgàfúrùláì!" Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi, tó ti ń wo ìyá rẹ̀, tó ń wò mí, ju aṣọ tó ń lọ̀ sílẹ̀, ó sì lọ pe kẹ̀kẹ́.

Ní ọsibítù tá a lọ ní Sùúrùlérè, nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ imú ọmọ, ó gbé ìka kúrò, ibẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbóòórùn aṣọ rẹ̀.

"Mọ́mì, kánfọ̀ nìyí o! Ta ló fi kánfọ̀ sáṣọ ọmọ?"

Aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti fi kánfọ̀ tọ́jú wọn sínú àpótí láti ọdún pípẹ́ wá nítorí kòkòrò, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n sì fi kó wọn wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wọ̀ wọ́n fún ọmọ láìfọ̀. Kí n má parọ́, èmi náà wà nínú ẹjọ́ yìí.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kì í gba kánfọ̀. Ó ní tí pupa yẹn bá pọ̀ dé ọpọlọ, ó lè gba etí ọmọ, ó lè gba ẹ̀mí ẹ̀. Wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ ku ìlédìí nìkan, wọ́n bò ó lójú, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù tó ń fa pupa náà kúrò lára.

Abẹ́ iná yẹn ni ọjọ́ kẹjọ bá wa. Ìyá ọkọ mi pè mí lórí fóònù pé àlùfáà ti jókòó, kí n gbé ọmọ wá fún wákàtí kan péré.

"Rárá, ma. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀. Èmi á pè é sí i létí níbí."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré náà, mo pe orúkọ rẹ̀. Kò mira. Mo tún un pè. Ó yí orí síbi tí ohùn mi ti ń bọ̀. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì sáré wá.

Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó pè é lọ́mọ òyìnbó yà kí wa. Ó wo ọmọ, ó káàánú. "Ó mà ti dúdú o! Kí lẹ ń fi pa á lára?"

Mo ti la ẹnu. Ìyá ọkọ mi, tó ń sá aṣọ ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fọ̀, ti ṣáájú mi.

"Àìsàn lẹ rí nígbà yẹn," wọ́n ní. "Ọmọ wa nìyí."