Ọjọ́ Tí A Yọ Lọ́yà Kòfí

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ka níbi ìbò lónìí lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí wọ́n ní àwa Ìlàjẹ etí ọ̀sà Bárígà kì í ṣe ará ibì kankan. Ayé òyìnbó ni, ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ja nígbà náà.

Ìbò kánsù ku díẹ̀ nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ògiri. Kò sí orúkọ ẹnì kan nínú wa. Akọ̀wé kánsù ní, "Ẹja lẹ̀ ń lé kiri. Ẹ ò nílé."

Lọ́yà Kòfí ló bá wa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ọmọ apẹja ni, láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà báyìí. Ó ní ọ́fíìsì ní Fádèyí, ó sì fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Bó bá kí ìyá mi pé, "O káàárọ̀, Màmá," ìyá mi á rẹ́rìn-ín: "'Ẹ' ni, ọmọ mi, 'ẹ'!"

Níwájú adájọ́, akọ̀wé kánsù bi ìyá mi pé, "Níbo gan-an lẹ̀ ń gbé?"

Ìyá mi wò ó. "Ibi tí mo sin ọmọ mẹ́ta sí ni mò ń gbé."

Lọ́yà ní òun ò ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ fi kún un. Adájọ́ ní kí wọ́n dá orúkọ wa padà.

Ìdùnnú yẹn ò pẹ́. Àwọn alátakò ń sọ ọ́ káàkiri Ṣómólú pé àlejò fẹ́ jọba lé onílé lórí. Ẹ̀rù ba àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n pe ìpàdé sí kíláàsì kan ní ilé ìwé Ládi-Lak, Lọ́yà fúnra rẹ̀ sì jókòó síwájú wa.

Alága ní, "Bí a bá fà á kalẹ̀, a ó fìdí rẹmi. Ẹni tó bá fẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀, kó nawọ́."

Mo nawọ́. Nínú gbogbo àwa obìnrin, ìyá mi nìkan ni kò na tirẹ̀. Ó rọra bi mí pé, "Ìwọ náà ti wá di onílé?"

Tíṣà ará Ọbaníkòró tí a fi rọ́pò rẹ̀ ló wọlé ìbò náà. Ó gbẹ́ kànga fún wa, ó la ọ̀nà dé etí omi. N kò ní purọ́ pé a ò jèrè.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn, mo ti lọ bẹ Lọ́yà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ba èmi náà. Jókòó, ká jọ ka ìwé ẹjọ́ apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi yìí."

Nígbà tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba òmìnira, ó padà sílé. A gbọ́ pé àwọn ará etíkun ibẹ̀ dìbò fún un, ó sì di aṣòfin.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A gba ìbò wa, a gba kànga. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dúró nílé ẹjọ́ láti sọ pé onílé ni wá, a ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un padà. Ó ti kú báyìí. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ fún àlejò tó bá tún dé.