Omi Àgàn Ní Ìlú Awakùsà

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Aunty Bísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tọrọ omi lọ́wọ́ mi. Ìjọ wa ní Atlanta ló kó àwa àgbà lọ wo ìlú awakùsà tó ti dahoro ní aṣálẹ̀ Arizona. Kí a tó padà dé ìdí bọ́ọ̀sì nínú oòrùn, omi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, omi."

Nígbà tí mò ń wá ọmọ, ó gba ife lẹ́nu mi lójú ẹbí, ó ní àgàn kì í mu nínú àmù àwọn.

"Omi àgàn nìyí, Aunty. Ẹ kì í mu ún."

Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo rọra mu omi náà tán lójú rẹ̀.

Títí dòní, bí mo bá bu omi mu nílé mi ní Smyrna, lẹ́bàá Atlanta, ó máa ń dùn.