Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Sọ Houston Di Ọ̀nà Jíjìn

Ilé iṣẹ́ epo kan tí à ń rí iná rẹ̀ lójú òkun láti Aráròmí, ìlú wa létí òkun, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Houston, ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá wa bi í léèrè bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Ó ní tí bàálù bá gbéra ní Èkó, yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, pé ọ̀pọ̀ ìlú ni yóò ti máa balẹ̀, nítorí náà kò sí bí òun ṣe lè máa wálé lemọ́lemọ́.

Ìyá mi gbà á gbọ́. Ẹja ló ń yan tà, kò wọ bàálù rí. Ìrìn tó mọ̀ ni ti ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìgbókòdá. Bí àwọn ará àdúgbò bá ní ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé ilé, á ní wọn ò mọ bí ọ̀nà yẹn ti rí ni. Nígbà tí òkun gbé ilé wa, tí a sún sẹ́yìn lọ kọ́ òmíràn, ó yọ yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá wa kú nígbà tí Ọdún Àjíǹde ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè wá lórí fóònù, ó sunkún gan-an, ó ní kí a má dúró de òun, pé òkú á ti bàjẹ́ kí òun tó dé. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè nípò àkọ́bí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkùnrin kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní Houston bá iṣẹ́ wá sí agbègbè wa, ó sì yà kí wa. Ìyá mi gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i pé ó kú wàhálà ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀run.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìjẹta ni mo kúrò ní Houston. Ó lé ní ẹgbàáta máìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàálù kan ṣoṣo ló gbé wa dé Èkó, nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá la sì lò."

Kò mọ ohun tó ń tú síta. Ó tún ní òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wá sí Èkó fún Ọdún Àjíǹde tó kọjá, pé wọ́n tilẹ̀ jọ ṣí ilé tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ síbẹ̀.

Ìyá mi ní kó tún un sọ, Ọdún Àjíǹde wo? Ó tún un sọ. Ìyá mi bu omi fún un.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè, ìyá mi tẹ fóònù náà kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, kí èmi náà lè gbọ́.

"Tí o bá gbéra lónìí, ìgbà wo lo máa dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ọ̀sẹ̀ kan ni, Màmá. Mo ti sọ fún un yín."

Mo fẹ́ gba fóònù náà, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òun ti gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pe ọmọ àbúrò bàbá mi pé kó kó ẹrù rẹ̀ wá sínú yàrá tó yọ sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá nígbà tó gbọ́ pé àṣírí tú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń pa irọ́ náà, òun kò mọ bí òun ṣe lè jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ní kó dìde, ó sì bu oúnjẹ fún un. Èmi jáde lọ jókòó létí omi títí ó fi wọ ọkọ̀ padà. Ìyá mi ṣì máa ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ ohunkóhun fún un báyìí, ó máa ń yíjú sí mi pé, "Ṣé òótọ́ ni?"